Yọ, Yọ́ àti Yọ̀: Èdè-Ìperí fún Mímú Àtè Àlẹ̀mọ́ Kúrò Lára Ọ̀dà Ọkọ̀

1. Ìfáárà

Àlẹ̀mọ́ pọ̀ lára ọkọ̀ lóde òní. Ọkọ̀ akérò a máa ru ti ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ awakọ̀. Ọkọ̀ àdáni a máa ru ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí, ti ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ti ẹni tí ń du ipò ìṣèlú. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ pàápàá a máa gba èbúté Kútọnù tàbí ti Èkó wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà gbàǹjo tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ọn lára láti òkè òkun. Bí ọdún bá gorí ọdún, tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ bá sì ṣí bébà tàbí ike àlẹ̀mọ́ náà kúrò, ohun kan a ṣẹ́ kù sí ojú ibẹ̀: ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, eruku ń gbá jọ sí i lára, omi àti ọṣẹ kò sì ràn án. Mímú ohun tí ó ṣẹ́ kù yìí kúrò kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí a mú un kúrò láìba ọ̀dà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Atúmọ̀ tàbí olùkọ́ iṣẹ́-ọwọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe àlàyé iṣẹ́ yìí ní èdè Yorùbá yóò bá ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta pàdé lẹ́nu ọ̀nà: yọ, yọ́ àti yọ̀. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni mímú nǹkan kúrò níbi tí ó wà, bí ẹni yọ ẹ̀gún. Èyí kejì ni kí ooru sọ ohun tí ó dì di olómi, bí òrí ṣe ń yọ́ nínú oòrùn. Èyí kẹta ni kí ojú nǹkan má ṣe é dì mú, bí ilẹ̀ ṣe ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Bí a bá kọ ìtọ́nisọ́nà láìfi àmì ohùn sí i, ẹni tí a ní kí ó yọ àtè lè gbé iná sún mọ́ ọn kí ó lè yọ́. Ọ̀dà ọkọ̀ a sì bàjẹ́. Kókó tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ yìí dúró fún ohun kan pàtó tí ń ṣẹlẹ̀ sí àtè, àti pé ẹni tí ó bá yan ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tọ́ ti yan ọ̀nà tí kò léwu.

Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, nínú èyí tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ti fi hàn pé èdè Yorùbá lè ru ẹrù ìmọ̀ ìgbàlódé. Èdè-ìperí iṣẹ́-ọwọ́ náà yẹ ní ohun tí a ń fojú sí, nítorí pé níbẹ̀ ni àṣìlò ọ̀rọ̀ ti ń náni lówó.

2. Àtè àti gọ́ọ̀mù

Ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ ní yíyanjú ni orúkọ ohun tí ó ṣẹ́ kù náà. "Gọ́ọ̀mù" ni ó máa ń yá ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò bá a mu. Gọ́ọ̀mù, bí ẹ̀kọ tí a fi ń lẹ ìwé mọ́ ògiri, a máa tutù nígbà tí a bá fi kan nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ó ń gbẹ, gbígbẹ rẹ̀ gan-an ni ó sì fi ń dì mú. Ohun tí ó wà lẹ́yìn àlẹ̀mọ́ kì í gbẹ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ni ó ti ń lẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan, ó ti mú un nìyẹn.

Yorùbá ti ní orúkọ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Àtè ni. Oje igi ni àwọn tí ń dẹ ẹyẹ fi ń ṣe é. Wọn a fi kun ẹ̀ka igi, ẹyẹ tí ó bá sì bà lé e kò ní lè fò mọ́. Bí àtè bá gbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a gba "àtè" gẹ́gẹ́ bí èdè-ìperí fún gbogbo ohun alẹ̀ tí títẹ̀ nìkan tó láti mú kí ó dì mú, kí a sì fi "gọ́ọ̀mù" sílẹ̀ fún èyí tí ń gbẹ. Ìyàtọ̀ yìí wúlò lẹ́nu iṣẹ́. Omi lè tú ẹ̀kọ tí ó ti gbẹ mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n kò lè tú àtè, nítorí pé rọ́bà tàbí akirílìkì ni wọ́n sábà fi ń ṣe àtè ìgbàlódé, omi kì í sì í wọ inú èyíkéyìí nínú wọn dáadáa.

Ìtàn pàápàá so àtè pọ̀ mọ́ ọ̀dà ọkọ̀. Ní ìlú St. Paul, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, Richard Drew, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ 3M tí ń ṣe sáńpépà nígbà náà, ṣàkíyèsí ìyà tí ń jẹ àwọn tí ń kun ọkọ̀ aláwọ̀ méjì. Ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àwọ̀ àkọ́kọ́ kí èkejì má baà kàn án a máa bó ọ̀dà náà bí wọ́n bá ń ṣí i. Ní 1925, Drew ṣe téèpù oníbébà tí àtè rẹ̀ lágbára tó láti dì mú, ṣùgbọ́n tí kò lágbára tó láti bó ọ̀dà. Ní 1935, ní Los Angeles, R. Stanton Avery ṣe àlẹ̀mọ́ tí a kàn ń ṣí lára bébà ẹ̀yìn rẹ̀ tí a sì ń tẹ̀ mọ́ nǹkan. Téèpù Drew wà fún wákàtí díẹ̀. Àlẹ̀mọ́ ara ọkọ̀ wà fún ọdún. Láàárín ọdún wọ̀nyí ni oòrùn ń mú àtè gbó. Ohun tí ń mú un rọ̀ a máa lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀wọ̀n mólékùlù rẹ̀ a máa gé níbì kan, wọn a sì máa so mọ́ ara wọn níbòmíràn, títí yóò fi gan ní apá kan tí yóò sì máa fà ní apá kejì. Èyí ni ó yẹ kí a máa pè ní àṣẹ́kù àtè.

3. Ọ̀dà tí ó gbẹ àti ọ̀dà tí ó jinná

Ọ̀dà ọkọ̀ kì í ṣe ìpele kan ṣoṣo. Lórí irin ni ọ̀dà ìpìlẹ̀ wà, kí irin má baà dógùn-ún. Lórí rẹ̀ ni ọ̀dà aláwọ̀ wà. Lórí ìyẹn, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí 1980 síwájú, ni ọ̀dà aláìláwọ̀, èyí tí ó mọ́ bí omi tí ó sì ń mú kí ọkọ̀ dán. Gbogbo wọn lápapọ̀ kò sábà ju 0.1 sí 0.15 mìlímítà lọ ní ìnípọn. Ọ̀dà aláìláwọ̀ tí ó wà lókè pátápátá kò sábà ju 0.05 mìlímítà lọ. Ó tín-ín-rín ju ọ̀pọ̀ irun orí ènìyàn lọ. Ẹni tí ó bá fi abẹ tàbí kànìnkànìn ha àtè lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe.

Síbẹ̀, ohun tí ó ṣe pàtàkì ju iye ìpele lọ ni ọ̀nà tí ọ̀dà gbà le. Ọ̀nà méjì ni. Ọ̀dà kan wà tí ó kàn ń gbẹ: tínà inú rẹ̀ a fẹ́ lọ, ohun tí ó ṣẹ́ kù a sì le. Irú rẹ̀ ni Duco, tí ilé-iṣẹ́ DuPont gbé jáde ní 1923, tí General Motors sì lò fún ọkọ̀ Oakland ti ọdún 1924. Irú ọ̀dà báyìí dàbí omi iyọ̀ tí oòrùn fà gbẹ nínú àwo. Bí omi bá padà dé, iyọ̀ a tún yòrò. Bí tínà bá padà dé, ọ̀dà a tún yòrò. Ọ̀dà kejì kì í gbẹ lásán. Ẹ̀wọ̀n mólékùlù rẹ̀ a so mọ́ ara wọn, yálà nínú ààrò ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní nǹkan bí 140°C, tàbí nípasẹ̀ ohun amúle tí wọ́n pò mọ́ ọn kí wọ́n tó kùn ún. Ẹyin tí a ti sè kì í padà di tútù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dà yìí kì í padà sí ipò olómi.

Fún èyí kejì, "jinná" ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a mu. Yorùbá ń lò ó fún oúnjẹ tí iná ti ràn, wọ́n sì ń lò ó fún egbò tí ó ti san. Lọ́nà méjèèjì, nǹkan tí ó ti yí padà tán ni ó ń tọ́ka sí, kì í ṣe nǹkan tí omi rẹ̀ kàn lọ. A lè tipa bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀dà gbígbẹ àti ọ̀dà jíjinná láìsí ìdàrúdàpọ̀.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan ṣoṣo lè ru ọ̀dà méjèèjì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè ní ọ̀dà tí ó jinná láti ilé-iṣẹ́, kí ìlẹ̀kùn rẹ̀, tí wọ́n tún kùn lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà fara gbá, ní ọ̀dà tí ó kàn gbẹ. Tínà tí ó kan bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lè má fi àmì kankan sílẹ̀, kí ó sì mú ọ̀dà ìlẹ̀kùn lọ pẹ̀lú àtè. Ìwé tí ó bá pe ọ̀dà méjèèjì ní "ọ̀dà tí ó ti gbẹ" ti ṣi òǹkàwé lọ́nà.

4. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí àtè

(a) Rírọ̀. Ooru ìwọ̀nba a máa mú àtè rọ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun ti tó fún èyí. Àtẹ́lẹwọ́ ni òṣùwọ̀n: bí ọwọ́ kò bá lè dúró lórí ọ̀dà náà, ooru ti pọ̀ jù. Ibí yìí ni "yọ́" ti lè fa ìpalára jù lọ. Kò sí ìdí tí àtè fi ní láti yọ́. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó yọ́ ọ yóò máa fi ooru kún ooru, yóò sì máa retí kí ó ṣàn. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná tí àwọn oníṣẹ́ fi ń bó ọ̀dà àtijọ́ lára igi lè gbóná ju 500°C lọ. Kí àtè tó ṣàn níwájú rẹ̀, ọ̀dà ọkọ̀ yóò ti lé ròrò. Nítorí náà, "yọ́" kò ní iṣẹ́ kankan nínú ìtọ́nisọ́nà yìí. "Rọ̀" ni ó tọ́.

(b) Yíyọ̀. Ẹni tí oje igi bá lẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ mọ̀ pé omi kò ràn án. Òróró ni yóò kọ́kọ́ fi pa ọwọ́ náà kí ó tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àtè àlẹ̀mọ́ rí. Òróró ẹ̀pà tàbí adí àgbọn a máa wọ inú rẹ̀, àtè a wú bí gàárì tí ó mu omi, ìdìmú rẹ̀ a dẹ̀, ojú rẹ̀ a sì máa yọ̀. Òróró kì í mú ọ̀dà yòrò, ìbáà ṣe èyí tí ó gbẹ tàbí èyí tí ó jinná. Sùúrù ni ó ń bèèrè, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ tí ó yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni "amúyọ̀". Ó yẹ kí amúyọ̀ ṣáájú amúyòrò nígbà gbogbo, nítorí pé òun ni kò mọ ọ̀nà ọ̀dà.

(d) Yíyòrò. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, "yọ́" àti "yòrò" a máa gba ipò ara wọn. Èdè-ìperí ní láti yà wọ́n: ooru ní í mú nǹkan yọ́, ohun olómi ní í mú nǹkan yòrò, bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Ohun olómi tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni a lè pè ní "amúyòrò". Kì í ṣe gbogbo amúyòrò ni ó ń ran gbogbo nǹkan. Kẹrosíìnì a máa ran àtè rọ́bà. Sípíríìtì a sì máa ṣiṣẹ́ lórí àtè akirílìkì. Bí wọn kò bá pẹ́ lórí ọ̀dà tí ó jinná, wọn kì í sábà pa á lára. Tínà yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Ọ̀dà gan-an ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Wọn a mú ọ̀dà gbígbẹ yòrò, wọ́n sì lè mú kí ojú ọ̀dà jíjinná pàápàá ṣú tàbí kí ó rọ̀. Kò yẹ kí ìtọ́nisọ́nà fún ará ilé dárúkọ wọn, àfi láti kìlọ̀.

Pẹtiróòlù náà ń mú àtè yòrò, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ ju ti ọ̀dà lọ. Oru rẹ̀ lè gbiná nínú òtútù tí ó tó 40°C sí ìsàlẹ̀ òdo. Kẹrosíìnì ní láti gbóná tó nǹkan bí 38°C kí oru rẹ̀ tó lè gbiná. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí oòrùn ọ̀sán ń pa ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo a máa gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, abẹ́ ibòji, lórí ọ̀dà tí ó ti tutù, jìnnà sí iná, ni a ti ń lo amúyòrò. Kẹrosíìnì tí wọ́n ti fi pẹtiróòlù lú kò sàn ju pẹtiróòlù fúnra rẹ̀ lọ.

(e) Yíyọ. Yíyọ ni ìgbẹ̀yìn, nígbà tí àtè bá ti rọ̀, tàbí tí ó ti yọ̀, tàbí tí ó ti yòrò. Bí ènìyàn bá já àlẹ̀mọ́ lójijì, àtè a ṣe bí ohun líle, agbára tí ó fi di ọ̀dà mú a sì pọ̀ sí i; níbi tí ọ̀dà kò bá ti di irin mú dáadáa, ọ̀dà ni yóò tẹ̀lé àlẹ̀mọ́. Bí ó bá fà á díẹ̀díẹ̀, ìdìmú náà a dínkù. Òwe tí ó sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko, bá ìṣesí àtè mu gẹ́lẹ́.

5. Ètò iṣẹ́ náà

Bí a bá to àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yìí bí ó ti yẹ, ètò iṣẹ́ ti hàn.

(i) Kí a fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀. Iyanrìn tí ó bá wà lórí àtè ni yóò ha ọ̀dà nígbà tí a bá ń nù ún.

(ii) Kí a fi ooru ìwọ̀nba mú àtè rọ̀, kí a fi èékánná tàbí etí káàdì oníke gbé igun àlẹ̀mọ́ sókè, kí a dà á padà sẹ́yìn, kí a sì máa fà á díẹ̀díẹ̀. Irin kò gbọdọ̀ kan ọ̀dà.

(iii) Kí a fi àtàǹpàkò yí àṣẹ́kù tí ó ṣì rọ̀ di kókó kéékèèké, kí a sì yọ wọ́n.

(iv) Kí a fi aṣọ tí ó kúnná tẹ́ òróró lé èyí tí ó kù, kí a dúró, kí a sì nù ún láìfi agbára tẹ̀ ẹ́.

(v) Bí ó bá tún ṣẹ́ kù, kí a dán amúyòrò wò kí a tó lò ó. Ara ìpín ọkọ̀ tí àtè wà gan-an ni kí a ti dán an wò, ní ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Etí inú ìlẹ̀kùn lè ní ọ̀dà ilé-iṣẹ́ nígbà tí ìta rẹ̀ ní ọ̀dà gàrééjì, nítorí náà kò lè jẹ́rìí fún un. Kí a fi aṣọ funfun tí a rẹ sínú amúyòrò náà kan ibẹ̀. Bí àwọ̀ bá wọ aṣọ, tàbí tí ojú ọ̀dà bá ń lẹ̀, tàbí tí ó ṣú, kí a dáwọ́ dúró. Kí aṣọ má wọ àwọ̀ nìkan kò tó, nítorí pé ọ̀dà aláìláwọ̀ kò ní àwọ̀ tí yóò fi sílẹ̀.

(vi) Kí a fi ọṣẹ fọ òróró tàbí kẹrosíìnì kúrò, kí a sì fi ìda pa ojú ibẹ̀.

6. Ohun tí kì í ṣe àtè

Nígbà mìíràn, lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ yìí, ojú ibi tí àlẹ̀mọ́ wà a ṣì máa hàn, láìsí ohun tí ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà ni ó ti bàjẹ́ níhìn-ín, nítorí pé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ rò pé àtè ṣì kù, ó sì ń ha á. Oòrùn ni ó ti pa àwọ̀ ìyókù ọkọ̀. Ibi tí àlẹ̀mọ́ bò kò ṣá. "Òjìji" ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́. Amúyòrò kò lè ṣe òjìji ní ohunkóhun. Pọ́líìṣì tí kò ní ìyanrìn púpọ̀ lè dín in kù, àkókò ni yóò sì ṣe ìyókù. Ìka ọwọ́ ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn: àtè ń fà, òjìji ń dán.

Ọ̀rọ̀ "dígí" náà ń fẹ́ àkíyèsí. Dígí iwájú ọkọ̀ jẹ́ dígí ní tòótọ́. Abẹ kì í sábà ha á bí omi ọṣẹ bá wà lójú rẹ̀, tí ẹni tí ó mú abẹ náà sì fi í lélẹ̀ gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bo iná iwájú, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní dígí, ti di ike nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láti ìparí ọ̀rúndún ogún. Tínà a máa mú kí irú ike bẹ́ẹ̀ ṣú kí ó sì sán wẹ́wẹ́. Abẹ a máa fi ìlà sí i. Ìtọ́nisọ́nà tí ó bá ní kí a fi abẹ ha àlẹ̀mọ́ kúrò lára "dígí" láìsọ èwo ti pa iná ọkọ̀ lára.

7. Àkójọ èdè-ìperí

Àlẹ̀mọ́: bébà tàbí ike tí ó ní àtè lẹ́yìn.
Àtè: ohun alẹ̀ tí kì í gbẹ, tí títẹ̀ nìkan ń mú kí ó dì mú.
Gọ́ọ̀mù: ohun alẹ̀ tí gbígbẹ ń mú kí ó dì mú.
Àṣẹ́kù àtè: àtè gbígbó tí ó kù lẹ́yìn tí àlẹ̀mọ́ ti ṣí.
Ọ̀dà gbígbẹ: èyí tí ó le nítorí pé tínà rẹ̀ lọ, tí tínà sì tún lè mú yòrò.
Ọ̀dà jíjinná: èyí tí ẹ̀wọ̀n mólékùlù rẹ̀ so mọ́ ara wọn, tí kì í padà di olómi.
Ọ̀dà aláìláwọ̀: ìpele òkè tí ó mọ́ gaara.
Rọ̀: kí ooru dín líle àtè kù láìsọ ọ́ di olómi.
Yọ́: kí ooru sọ nǹkan di olómi, kò wúlò nínú iṣẹ́ yìí.
Yọ̀, amúyọ̀: kí ìdìmú àtè dẹ̀, òróró tí ń ṣe bẹ́ẹ̀.
Yòrò, amúyòrò: kí nǹkan tú sínú ohun olómi, ohun olómi tí ń ṣe bẹ́ẹ̀.
Yọ: mímú àtè kúrò ní ojú ọ̀dà.
Òjìji: ojú ibi tí àlẹ̀mọ́ ti dènà oòrùn.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a tò sókè yìí ni ó ti wà nínú èdè tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ àwọn tí ń dẹ ẹyẹ ni "àtè" ti wá. Ilé ìdáná ni "yòrò" àti "jinná" ti wá. Ohun tí ó kù fún olùkọ́ àti atúmọ̀ ni kí wọ́n pààlà fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sì jẹ́ kí èyí kan rékọjá sí ààyè èkejì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú ìwé iṣẹ́-ọwọ́. Níbi tí yọ, yọ́ àti yọ̀ bá ti pàdé lórí ojú ewé kan, òun ni ó ń sọ fún oníṣẹ́ bóyá ọwọ́ ni yóò lò, tàbí iná, tàbí òróró.